Tẹ́rẹ́mìn tí mo rà ní Kàbà: ohùn ló ní, kò ní ẹnu

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí látọjọ́ tí mo ti gbé fídíò yẹn síta pé kí ni mò ń fọwọ́ lé nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin lórí ẹran, ó yá, mo ti ráyè jókòó kọ ọ́. Theremin ni wọ́n ń pè é, àmọ́ tẹ́rẹ́mìn ni mo máa máa kọ, torí bá a ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí tó ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti lò ó nílé, mo ti gbé e lọ síbi ìdánrawò kúáyà (ojú tì mí níbẹ̀, mo máa sọ), mo ti gbé e dé Ìsánlú lọ́dọ̀ Mọ́mì, torí náà kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú páálí tí mo wá ń pariwo kiri.

Ohun èlò orin tí wọn kì í fọwọ́ kàn ni. Ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná. Pátákó kékeré kan báyìí, irin gígùn kan nà sókè lápá ọ̀tún bí èríà rédíò, irin kejì tí wọ́n tẹ̀ bí ọwọ́ kọ́ọ̀pù yọ síta lápá òsì. Tó o bá ń sún ọwọ́ ọ̀tún mọ́ irin gígùn yẹn, ohùn á máa gòkè, tó o bá fà á sẹ́yìn, á máa wálẹ̀. Ọwọ́ òsì ni tiẹ̀ ló ń dá ohùn dúró, sún un mọ́ irin tó tẹ̀ yẹn, ohùn á kú, gbé e kúrò, ohùn á là. Kò sí kí bíi ti kíbọ́ọ̀dù tí wàá tẹ̀, kò sí okùn tí wàá ta, kò sí awọ tí wàá lù, kò sí ihò tí wàá fẹnu fọn.

Èyí tí mo rà kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó lórúkọ o, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìyẹn kíákíá kẹ́nikẹ́ni má bàa sọ pé mo ba ọjà òun jẹ́. Òǹláìnì ni mo ti rí i, irú èyí tí wọ́n á kó bọ́ọ̀dù àti àwọn pááti ẹ̀ sínú ọ̀rá kí o lọ tò ó fúnra ẹ. ₦74,000, tí n ò tíì ka owó wébìlì láti Èkó dé gáréèjì Kàbà. Ẹni tó tà á kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé ó ti ṣe tán láti lò. Ṣe tán kẹ̀? Mo ṣí páálí, mo bá bọ́ọ̀dù kan, ọ̀rá tínńtín mẹ́fà tí kápásítọ̀ àti risísítọ̀ kún inú wọn fọ́fọ́, irin méjì, àdápítọ̀ kan, àti ìwé àlàyé tó jẹ́ èdè Ṣáínà látòkè délẹ̀. Mo fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí i, ó ní kí n lọ wò ó lórí YouTube. Ẹ dákun, ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jó o (ìyẹn ni pé wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná lẹ àwọn pááti mọ́ bọ́ọ̀dù) tàbí wọn ò tíì jó o.

Bí mo ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Rédíò nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ẹ̀yìn ọjà Kàbà dáadáa á mọ̀ wọ́n, wọ́n ti ń tún rédíò ṣe kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Rédíò nìyí." Mo ní bọ̀dá, ohun èlò orin ni. Wọ́n ní rédíò ni, kí n jókòó.

Wọ́n wá gbé rédíò olójú igi àtijọ́ kan sílẹ̀ látorí pẹpẹ, wọ́n sì rọra ń yí i láàárín stéṣàn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí ara wọn, ló bá fọn fèrè: fíììììù, ó gòkè, ó wálẹ̀, ó pòórá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sílé tí bàbá yín ti ń wá ìròyìn lórí rédíò lálẹ́, ẹ mọ fèrè tí mò ń sọ. Wọ́n ní ohun tó ń fọn fèrè yẹn náà ni wọ́n kó sínú bọ́ọ̀dù mi, kò sí awo kankan níbẹ̀. Nǹkan méjì ló ń gbọ̀n nínú ẹ̀, wọ́n ń yára gbọ̀n débi pé etí èèyàn ò lè gbọ́ ìkankan nínú wọn. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 300,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn ò ní yẹsẹ̀. Èkejì náà ń gbọ̀n ní 300,000, àmọ́ òun ló so mọ́ irin gígùn. Ara èèyàn máa ń gba iná dúró díẹ̀, bíi kápásítọ̀ náà ni, torí ẹ̀, bí ọwọ́ bá ti ń sún mọ́ irin, èkejì yìí á máa falẹ̀, ká ní ó bọ́ sí 299,560. Bọ́ọ̀dù á wá yọ kékeré kúrò nínú ńlá, 440 tó ṣẹ́ kù ló máa jáde ní sípíkà, 440 yẹn sì ni nóòtì A tí gbogbo wa fi ń tún ohùn gìtá ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ tó sì yé mi. Mo ti ń lo kíbọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́rìnlá, kò sẹ́nì kankan tó ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń jáde nínú ẹ̀ fún mi rí.

Ará Rọ́ṣíà ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀, Lev Termen, òun ni wọ́n sọ di Leon Theremin nígbà tó dé Amẹ́ríkà. 1896 ni wọ́n bí i, onífísíìsì ni, ó sì tún mọ sẹ́ló, bíi fáólìn ńlá, ta. Ní nǹkan bí ọdún 1920 ó ń ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n á fi máa wọn gáàsì, ẹ̀rọ yẹn ń dún, ó wá ṣàkíyèsí pé tóun bá ti gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn, ohùn ẹ̀ ń yí padà. Ẹlòmíì ì bá ní nǹkan ti bàjẹ́ kó máa wá ibi tí wáyà ti já. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọrin. Ní 1922 ó gbé e lọ han Lenin, olórí ìjọba wọn nígbà náà, Lenin náà sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní 1928 wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ṣe é ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ RCA tó ń ṣe rédíò níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní 1929, bíi 500 péré ni wọ́n ṣe, torí ọdún yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé dojú dé lọ́hùn-ún, ta ló fẹ́ ra irin tó ń hu?

Àmọ́ bí mo ṣe ń sọ ìtàn yìí fún wọn, ibi tó mú kí Bọ̀dá Rédíò gbé áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ kí wọ́n tẹjú mọ́ mi nìyí. Ọkùnrin yìí padà sí Rọ́ṣíà ní 1938, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ní kó máa ṣiṣẹ́ fún ìjọba látinú àhámọ́. Nǹkan kan tó ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi pamọ́ sínú pátákó tí wọ́n gbẹ́ ère ẹyẹ ìjọba Amẹ́ríkà sí, ní 1945 wọ́n ní káwọn ọmọ iléèwé lọ fi ta ańbásádọ̀ Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní Moscow. Ańbásádọ̀ yẹn fi kọ́ ògiri. Ó di 1952 kí wọ́n tó rí i pé nǹkan tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ló wà nínú ẹ̀, kò ní bátìrì, kò ní wáyà iná, ìgbì rédíò tí wọ́n ń tàn sí i láti ìta ló ń jí i. Bọ̀dá Rédíò dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Kò ní bátìrì?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n ní, "Ẹni yẹn ló yẹ kó wá máa gbé ní Kàbà."

Ó dáa, ọjà tí mo rà ńkọ́.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jó o tán, kò síná, mo so ó mọ́ bátìrì íńvátà. Ohùn jáde lóòótọ́, àmọ́ ó ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tó mu ẹmu kàlẹ́. Mo dúró jẹ́ẹ́, ó ń gòkè. Mo mí, ó wálẹ̀. Iná dé, mo lo àdápítọ̀ tí wọ́n fún mi, ìyẹn tún burú jù, ó ń kùn húúúú lábẹ́ ohùn bí fìríìjì àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Nígbà tí mo gbé e padà, ọ̀rọ̀ kan ni Bọ̀dá Rédíò bi mí: "Ẹ́ẹ̀tì dà?" Wáyà tó ń so nǹkan mọ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n yí rédíò olójú igi yẹn padà kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀, ihò méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún èríà, ọ̀kan fún ẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ọwọ́ èmi àti irin yẹn ò lè bára wọn sọ̀rọ̀ bí ilẹ̀ ò bá sí láàárín wọn.

Mo lọ ra irin rọ́ọ̀dù kan, mo gbá a wọlẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi, mo fa wáyà látibẹ̀ wọlé, mo de é mọ́ ibi tó yẹ lórí bọ́ọ̀dù. Mo tan án. Ẹ̀yin èèyàn, àfi bí ìgbà tí wọ́n yọ òwú kúrò létí mi. Ohùn dúró gbọin. Mo na ọwọ́, ó lọ síbi tí mo rán an, mo dá ọwọ́ dúró, ó dúró. Gbogbo ohun tí mo ti fi bú ẹni tó tà á fún mi, mo kó ìdajì ẹ̀ jẹ padà (ìdajì yòókù dúró, torí ìwé àlàyé yẹn). Ká fi sọ́kàn pé ọyẹ́ la wà nígbà yẹn. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ilẹ̀ á gbẹ tán, ohùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹsẹ̀, ni mo bá ń gbé kẹ́tùlù lọ sẹ́yìn ilé láràárọ̀, mò ń bomi rin irin bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Aládùúgbò mi kan wò mí wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn kọjá lọ.

Àdápítọ̀ yẹn, mo sọ ọ́ nù. Bátìrì ló dáa fún un. Ẹ tún gbọ́dọ̀ tàn án sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù ẹ̀, torí bó ṣe ń gbóná ló ń yí ohùn padà, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá yí nọ́ọ̀bù títí tí ohùn á fi kú pátápátá nígbà tẹ́ ẹ bá fà sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ nìyẹn o. Àárọ̀ yàtọ̀, ọ̀sán yàtọ̀.

Ó le kọ́, n ò ní purọ́. Kò síbi tí wọ́n kọ do sí nínú afẹ́fẹ́. Lórí kíbọ́ọ̀dù, tó o bá di ojú ẹ, ìka ẹ á ṣì mọ ibi tí kí dúdú wà, àmọ́ níbí, etí ẹ nìkan lo ní. Ó tún wá jẹ́ pé bó o bá ṣe ń sún mọ́ irin làwọn nóòtì ń há mọ́ra wọn, do sí do lókèèrè lè fẹ̀ tó ọwọ́ tí èèyàn na ìka ẹ̀ tán, tó bá ku díẹ̀ kó o kan irin kò ní ju ìka mẹ́ta lọ. Mo wo fídíò Clara Rockmore títí, obìnrin tí wọ́n bí sí Vilnius ní 1911, fáólìn ló kọ́kọ́ ń ta kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tó fi fi í sílẹ̀, òun ló sì kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ta tẹ́rẹ́mìn bí orin gidi. Ìka ló ń lò, kì í ṣe apá. Ó máa kó ìka jọ bí ẹni fẹ́ bu iyọ̀, á wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nóòtì kan, nóòtì kan. Oṣù mẹ́ta mi rèé, do re mi fa so ni mo lè fi ìka ṣí láìgbé apá, la yẹn ṣì ń sá fún mi.

Ohun tó wá jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ kì í ṣe orin rárá. Ìsánlú ló ti ṣẹlẹ̀. Mo tò ó sí pálọ̀ lówùúrọ̀ kùtù, Mọ́mì wà ní kíṣìnì, mo kàn ń ṣeré, mo fi ohùn ẹ̀ pe "ẹ káàárọ̀", ohùn àárín, òkè, ó já wálẹ̀, ó tún gòkè, ó tún já. Mọ́mì dáhùn láti kíṣìnì, "Káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?" Wọ́n dáhùn tán kí wọ́n tó rántí pé ohùn tó kí wọn kì í ṣe ohùn mi. Wọ́n yọjú, ọwọ́ wọn kún fún ìyẹ̀fun èlùbọ́, wọ́n ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

Kíbọ́ọ̀dù ò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ìdí ẹ̀ ni pé ohùn Yorùbá kì í fò láti òkè bọ́ sísàlẹ̀ bí ẹni bọ́ láti orí àkàsọ̀, ó máa ń yọ́ wálẹ̀ ni. Ẹ pe "kọ́là" kẹ́ ẹ gbọ́ bí "là" yẹn ṣe ń yọ́. Kí kan lórí kíbọ́ọ̀dù, kí kejì, àkàsọ̀ ni. Tẹ́rẹ́mìn ò mọ àkàsọ̀ kankan, yíyọ́ nìkan ló mọ̀, ohun táwọn tó ń fi kọ orin òyìnbó ń bá jà, tí wọ́n fi ń fọwọ́ òsì gé e kó má bàa fà, ohun tí èdè wa ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Mo fi dán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò. Mo ní kí wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi, kí wọ́n sọ ohun tí mo pè: ọkọ́, ọkọ̀, ọkọ, ọ̀kọ̀. Ọkọ́, wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀, wọ́n gbà á. Ọkọ àti ọ̀kọ̀ ló dà wọ́n láàmú, wọ́n ń pe ọ̀kan ní èkejì, ó sì pẹ́ kó tó yé mi pé ẹ̀bi wọn kọ́. Ohùn méjèèjì lọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan lọ tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ọ̀kan lọ tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, báwo lèèyàn ṣe máa mọ ìsàlẹ̀ bí kò bá tíì gbọ́ òkè? Mo wá fi ọ̀rọ̀ ṣáájú, mo pe "fẹ́ ọkọ", mo pe "mo rí ọ̀kọ̀", ni wọ́n bá ń gbà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ẹ̀gbẹ́ tó ń lu gángan, mo gbé e lọ fún un pé kó gbọ́ orogún ẹ̀. Ó gbọ́ ọ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní, "Ohùn ló ní, kò ní ẹnu." Ó bá mi wí dáadáa. Tí òun bá ń fi gángan sọ̀rọ̀, apá tó fún mọ́ra ń fa ọsán, àwọn okùn awọ tó wà lára ìlù, ló ń gbé ohùn sókè sódò, àmọ́ kọ̀ǹgọ́, igi tó fi ń lù ú, ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, gbogbo sílébù ló ní ìlù tiẹ̀. Tẹ́rẹ́mìn kò ní kọ̀ǹgọ́. Ọwọ́ òsì ló yẹ kó máa gé ọ̀rọ̀ fún un, bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tèmi yìí ò sì yára gé e, ọ̀rọ̀ á ti kọjá tán kó tó rántí pé mo ní kí ohùn kú. Èyí ni mo kà sí àléébù ẹ̀ tó tóbi jù. Tí mo bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó di bíi kí ẹni tó ti sùn tán máa sọ̀rọ̀.

Kúáyà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Mo tò ó síwájú, mo fi irin fèrèsé ṣe ẹ́ẹ̀tì, ó ń dún dáadáa, ohùn ẹ̀ dà bíi ti sopránò tó pa ẹnu dé. Kúáyà bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn oníbáàsì, ẹni gíga, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin mi lápá ọ̀tún, bó bá ti jó sọ́dọ̀ mi, ohùn á gòkè, bó bá jó padà, á wálẹ̀. Òun náà ló ń ta á, kò mọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alàgbà kan bi mí pé bí ọwọ́ ò bá kàn án, ta wá ni ń lù ú, mo fẹ́ ṣàlàyé 300,000, ọ̀gá kúáyà ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí kíbọ́ọ̀dù yín." Torí náà ẹni tó bá fẹ́ rà á fún ìsìn, kó rí i dájú pé kò sẹ́ni tó máa dúró tì í, ó kéré tán ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́fà.

Àwọn kan ti béèrè bóyá kò sí òmíì tó rọrùn jù. Ó wà. Iléeṣẹ́ Roland ti fi ohun tí wọ́n ń pè ní D-Beam sórí àwọn kíbọ́ọ̀dù wọn kan rí, iná tí ojú ò rí ni, o máa fọwọ́ gbá a kọjá lókè ẹ̀, ohùn á yí, mo ti lo ti ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin, ó dùn, àmọ́ ẹ̀ṣọ́ lásán ló jẹ́ fún kíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe ohun tó o lè dúró lé. Ìbọ̀wọ́ náà wà, Imogen Heap tó ń kọrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àwọn tó ṣe Mi.Mu, o máa wọ̀ ọ́ sọ́wọ́, bó o ṣe ń tẹ ìka àti bó o ṣe ń yí ọrùn ọwọ́ ló ń di orin nínú kọ̀ǹpútà, owó ẹ̀ ga kọjá èmi. Ọmọ yunifásítì kan ládùúgbò wa tiẹ̀ fi Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, àti sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 ṣe tiẹ̀, èyí tó máa ń ju ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, tí etí ò gbọ́, síta kó tó mọ bí ọwọ́ ṣe jìnnà tó. Owó ẹ̀ kò tó nǹkan, kò nílò ẹ́ẹ̀tì, ẹni tó dúró tì í ò sì lè bà á jẹ́, àmọ́ ó ń fò ni, àkàsọ̀ náà ni, bí ẹni tó ń ta á bá sì ti wọ agbádá, aṣọ á gbé ohùn yẹn mì, sẹ́ńsọ̀ á máa wá ọwọ́ ẹ̀ kiri. Fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ kó sọ Yorùbá fún òun, irin méjì ni kó rà.

Tí n bá máa fún un ní máàkì, ohùn ẹ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, bí wọ́n ṣe kó o sínú páálí, méjì, méjì yẹn gan-an fún irin tó wà níbẹ̀ ni torí pé kò tíì dípẹtà. Ẹnì kan láti Mọ́pà ti ní òun fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi. Kò sí fún títà. Ẹni tó bá ra tiẹ̀, ₦6,000 ni Bọ̀dá Rédíò gbà lọ́wọ́ mi láti jó o, ẹ má lọ bá wọn lọ́jọ́ ọjà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé rédíò olójú igi yẹn sílẹ̀ bí ẹ bá ń kánjú.